Ọkọ Mi Ń Gba Abẹ́rẹ́ Agbára, Ìtọ̀ Rẹ̀ Kò Wá Já Gaara Mọ́

Lẹ́tà pọ̀ lórí tábìlì mi lọ́sẹ̀ yìí. Ẹnì kan ń bèèrè oògùn ẹ̀yìn ríro, ẹlòmíràn ní ọmọ òun kò jẹun. Màá dá gbogbo wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹyọ lẹ́tà kan wà níbẹ̀ tí mo kà tán tí mo tún pa dà kà. Obìnrin kan ló kọ ọ́ láti Ìbàdàn. Ó ní kí n má dárúkọ òun, n kò sì ní í dárúkọ rẹ̀. Mo tún yọ ibi díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, kí ẹni tó bá mọ àdúgbò wọn má baà fura. Ìyókù rèé:

“Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ojú-ewé ìlera, mo kí yín o. Aláta ni mí, káfíńtà lọkọ mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni. Ọmọ mẹ́rin la bí. Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, orí àga ló máa sùn sí, oúnjẹ á tutù níwájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yàrá náà ò wá lọ mọ́, ẹ mọ ohun tí mo ń sọ. N ò bá a jà, ṣùgbọ́n ojú ń tì í, ó sì ń tìtorí ohun tí kò tó nǹkan bínú sí mi. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló mú un lọ sọ́dọ̀ oníkẹ́mísì kan ládùúgbò wa. Oníkẹ́mísì ní agbára ọkùnrin ló ń tán lára rẹ̀, ó ní abẹ́rẹ́ wà fún un. Abẹ́rẹ́ tó dà bí òróró ni, ìdí ni wọ́n ń gún un sí, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Kí n má parọ́, abẹ́rẹ́ náà ṣiṣẹ́. Láàárín oṣù méjì, ọkọ mi tún di ọkọ mi. Ó ń kọrin nídìí iṣẹ́. Èmi náà yọ̀.

“Ohun tó wá ń dẹ́rù bà mí ni pé láti bí oṣù mẹ́ta báyìí, ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló ń dìde lóru lọ tọ̀. Á dúró pẹ́ kó tó jáde, bó bá sì jáde, á kàn máa kán tó, tó, tó. Mo ní ká lọ sí ọsibítù, ó ní ọjọ́ orí ni. Oníkẹ́mísì ní kò sí nǹkan níbẹ̀, ó ní kí àwọn fi kún abẹ́rẹ́ náà ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ìyá rẹ̀, báyìí náà ni tirẹ̀ ṣe ń ṣe é kó tó kú ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Wọ́n ní jẹjẹrẹ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé abẹ́rẹ́ yìí ló fẹ́ fa tirẹ̀? Ṣé kí n ní kó jáwọ́? Bó bá jáwọ́, ṣé a ò ní í pa dà síbi tí a ti ń bọ̀? Ẹ má jẹ́ kó mọ̀ pé èmi ni mo kọ̀wé o. Èmi ni, Aláta Tí Ọkàn Rẹ̀ Ò Balẹ̀.”

Ìyá aláta, ẹ kú ìrọ́jú. Kí n tó ṣàlàyé kankan, ohun tí ẹ máa ṣe lọ́sẹ̀ yìí ni kí n kọ́kọ́ sọ, torí mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ka ìbẹ̀rẹ̀, á fi ìyókù di àkàrà.

Kí bàbá má gba abẹ́rẹ́ mìíràn títí dókítà yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi kún un rárá. Kí ẹ̀yin méjèèjì lọ sí ọsibítù tí dókítà wà lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ mú páálí abẹ́rẹ́ náà dání. Ẹ sọ iye oṣù tó ti ń gbà á àti ọjọ́ tó gba èyí tó kẹ́yìn. Ẹ má fi pamọ́ nítorí ìtìjú, torí dókítà tí kò bá mọ̀ nípa abẹ́rẹ́ náà kò lè mọ ìtumọ̀ ohun tí ẹ̀jẹ̀ bá sọ. Ẹ sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n tó kú náà fún un pẹ̀lú. Bó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ìtọ̀ dí pátápátá, tí abẹ́ ìdodo ń wú tó sì ń ro ó, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Òru yẹn náà ni kí ẹ gbé e lọ, wọn óò fi rọ́bà fa ìtọ̀ náà jáde. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá jókòó sọ ọ́.

Nǹkan kan wà lára ọkùnrin tí obìnrin kò ní. Próstéètì ni wọ́n ń pè é. Ìsàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ló wà. Lára ọ̀dọ́kùnrin, kò tóbi ju àwùsá kan lọ, àárín rẹ̀ sì ni ọ̀nà ìtọ̀ gbà kọjá. Omi tí àtọ̀ ń bá rìn, próstéètì ló ń pèsè apá kan nínú rẹ̀. Bí ọkùnrin bá ti ń súnmọ́ àádọ́ta ọdún, àwùsá yìí a máa tóbi sí i. Bó ti ń tóbi, bẹ́ẹ̀ ni á máa fún ọ̀nà ìtọ̀ pọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá fẹsẹ̀ tẹ rọ́bà omi. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ bàbá fi ń jí lóru léraléra. Títóbi lásán yìí kì í ṣe jẹjẹrẹ, oògùn sì wà fún un.

Jẹjẹrẹ próstéètì ní tirẹ̀, kì í kan ilẹ̀kùn. Nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kì í dunni, kì í sì í dí ìtọ̀. Ọkùnrin á máa gbé pákó, á máa jẹ àmàlà, kò ní í mọ̀ pé nǹkan wà lára òun. Ìgbà tí egungun ẹ̀yìn àti ìbàdí bá wá ń ro ó tí kò jẹ́ kó sùn, ó ti jáde kúrò nínú próstéètì, ó ti wọ egungun nìyẹn. Nítorí náà, ẹni tó ní kò sóhun tó ń ṣe òun, torí náà òun ò nílò àyẹ̀wò, kò tíì mọ irú ọ̀tá tó ń bá lò.

Ẹ wá gbọ́ ti abẹ́rẹ́. Gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀, testosterone ló jọ pé ó wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe nǹkan àjèjì. Kórópọ̀n ọkùnrin ló ń ṣe é. Òun ló ń mú kí ohùn ọmọkùnrin ki, tí irùngbọ̀n fi ń hù, tí iṣan fi ń le, tí ọkàn ọkùnrin fi ń fà sí obìnrin. Bí ọjọ́ orí bá ń lọ, ó ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan wà tí tiwọn dín kù kọjá ààlà, ìtọ́jú gidi sì wà fún irú wọn ní ọsibítù, abẹ́rẹ́ tàbí ìpara. N kò bá abẹ́rẹ́ náà jà o. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé testosterone yìí kan náà ni oúnjẹ próstéètì. Òun ló ń bọ́ ọ, òun ló ń mú un dàgbà.

Ní ọdún 1941, Charles Huggins àti Clarence Hodges, dókítà méjì ní Chicago l'Amẹ́ríkà, fi yé ayé pé bí wọ́n bá gé testosterone kúrò lára ọkùnrin tí jẹjẹrẹ próstéètì rẹ̀ ti tàn ká ara, jẹjẹrẹ náà á rọlẹ̀. Iṣẹ́ yẹn wà lára ohun tí wọ́n fi fún Huggins ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1966. Títí di òní, dídín testosterone kù wà lára ọ̀nà tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ náà. Láti ìgbà yẹn ni ẹ̀rù ti ń ba àwọn dókítà. Wọ́n ní bí yíyọ epo bá ń pa iná, a jẹ́ pé bíbu epo sí i á mú un jó nìyẹn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹlòmíràn nínú wọn kò jẹ́ fún ẹnikẹ́ni ní testosterone.

Ṣùgbọ́n ìwádìí tó dé lẹ́yìn náà fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni wọ́n ń pè ní TRAVERSE, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, ọdún 2023 sì ni èsì rẹ̀ jáde. Ọkùnrin tó lé ní 5,000 ni wọ́n kó jọ, ẹni ọdún 45 sí 80, tí testosterone wọn kéré lóòótọ́, tí àìsàn ọkàn sì wà lára wọn tàbí tó ń bọ̀ lọ́nà. Wọ́n fún ìdajì ní ìpara testosterone, wọ́n fún ìdajì tó kù ní ìpara lásán tí kò ní oògùn nínú. Wọ́n ṣọ́ wọn fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Àwọn tí wọ́n rí jẹjẹrẹ próstéètì lára wọn nínú àwọn onítestosterone jẹ́ 12. Nínú àwọn onípara lásán, wọ́n jẹ́ 11. Ìyàtọ̀ ẹnì kan péré.

Mo mọ̀ pé bí oníkẹ́mísì bá ka ibí yìí, á ní, “Ṣé ẹ rí i, mo sọ bẹ́ẹ̀!” Kó fara balẹ̀ ná. Kí wọ́n tó gba ọkùnrin kankan wọlé sínú ìwádìí yẹn, wọ́n ti kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún próstéètì. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ju 3 lọ, wọn kò gbà á. Wọ́n wọn testosterone ara wọn kí wọ́n tó fún wọn. Wọ́n sì ń pa dà yẹ̀ wọ́n wò títí ìwádìí náà fi parí. Ẹni tí wọ́n yẹ̀ wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ń ṣọ́, òun ni kò ní jẹjẹrẹ ju ẹlòmíràn lọ. Wọn kò sọ pé ẹni tó bá sọ ṣòkòtò kalẹ̀ lẹ́yìn káńtà láìṣe àyẹ̀wò kankan kò ní í rí nǹkan. Bí jẹjẹrẹ kékeré bá ti fara pamọ́ sínú próstéètì ọkùnrin kan tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé fífún un ní testosterone kò ní í bọ́ ọ. Ọdún mẹ́ta náà kì í sì í ṣe ogún ọdún. Lára àwọn onítestosterone yẹn kan náà, wọ́n rí ọkàn tó ń lù ségesège àti ẹ̀jẹ̀ dídì tó ń há sínú ẹ̀dọ̀fóró ju ti àwọn ìyókù lọ.

Nítorí náà, ìyá aláta, ìdáhùn mi sí ìbéèrè yín àkọ́kọ́ nìyí: kò sí ẹ̀rí pé abẹ́rẹ́ náà ń dá jẹjẹrẹ sílẹ̀ lára ẹni tí próstéètì rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin, ọkọ yín àti oníkẹ́mísì, kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá próstéètì tirẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni ewu wà.

Káfíńtà lọkọ yín. Ẹ bi í bóyá ó lè gé pákó fún ilẹ̀kùn láì kọ́kọ́ wọn ojú ilẹ̀kùn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan wà tó jẹ́ téèpù ìwọ̀n fún próstéètì, PSA ni wọ́n ń pè é. Nǹkan kan tí próstéètì ń ṣe ni, díẹ̀ nínú rẹ̀ a máa jò sínú ẹ̀jẹ̀. Bí próstéètì bá tóbi, tó bá wú, tàbí tí jẹjẹrẹ bá wà nínú rẹ̀, èyí tó ń jò á pọ̀ sí i. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó mọ̀ nípa irú omi ara báyìí l'Amẹ́ríkà, Endocrine Society, tẹ ìlànà jáde ní ọdún 2018. Wọ́n ní bí PSA bá ju 4 lọ, kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ testosterone títí dókítà tó mọ ọ̀nà ìtọ̀ dunjú yóò fi yẹ ẹni náà wò. Fún ẹni tí ewu tirẹ̀ pọ̀, irú bí aláwọ̀ dúdú, tàbí ẹni tí bàbá rẹ̀ tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ ti ní jẹjẹrẹ náà, wọ́n ní bó bá ti ju 3 lọ, kí wọ́n dúró. Méjèèjì ló wà lára ọkọ yín. Ààlà tirẹ̀ nìyẹn, 3.

Bí wọ́n bá wá bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Wọn óò tún un yẹ̀ wò láàárín oṣù kẹta sí oṣù kejìlá. Testosterone máa ń gbé PSA sókè díẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ohun ìjayà. Bó bá fi ju 1.4 lọ gòkè láàárín ọdún kan, tí wọ́n tún un ṣe tó sì rí bẹ́ẹ̀, ó di dandan kó lọ rí dókítà ọ̀nà ìtọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi owó ọjà ṣírò rẹ̀. Ká ní ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1.2. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ó di 1.9. Ó fi 0.7 lọ sókè, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1.2, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ó di 2.9. Bí ẹ bá wo 2.9 nìkan, ẹ óò ní kò tíì dé 4, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ó ti fi 1.7 gòkè. Ẹni yẹn ní ẹjọ́ láti rò. Bí kò bá sì ní 1.2 tó ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ta ló fẹ́ mọ̀? Ohun tí oníkẹ́mísì yẹn gbà lọ́wọ́ ọkọ yín nìyẹn, ju owó abẹ́rẹ́ lọ: nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀. A ò lè rí i gbà pa dà mọ́. Èyí tí ẹ bá ṣe lọ́sẹ̀ yìí ni yóò di ìbẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, dókítà á sì fọgbọ́n kà á.

Kí ẹ tó lọ fún PSA, ẹ gbọ́ nǹkan díẹ̀. Kí ọkọ yín má bá yín sùn fún ọjọ́ méjì ṣáájú, kó má sì gun kẹ̀kẹ́ ológeere, torí àwọn nǹkan yìí lè gbé nọ́ńbà náà sókè lásán. Bí kòkòrò bá wà nínú ìtọ̀, yóò gbé e sókè bákan náà, wọ́n á kọ́kọ́ tọ́jú ìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá ti fún un ní oògùn finasteride fún próstéètì tàbí fún orí pípá, kó sọ, nítorí bí ènìyàn bá ti lò ó tó oṣù mẹ́fà, ó ń sọ PSA di ìdajì. Nọ́ńbà 2 lára irú ẹni bẹ́ẹ̀, 4 ni. Ẹ sì jẹ́ kí n tẹnu mọ́ èyí: nọ́ńbà tó ga lẹ́ẹ̀kan kò túmọ̀ sí jẹjẹrẹ. Wọ́n á tún un ṣe ni. Mo ti rí ọkùnrin tó gba ìwé àyẹ̀wò tán tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín ogún, bẹ́ẹ̀ kòkòrò ìtọ̀ lásán ni.

Àyẹ̀wò kejì ni àwọn ọkùnrin ń sá fún. Dókítà á wọ ìbọ̀wọ́, á fi nǹkan yíyọ̀ sí i, á ti ihò ìdí fi ìka kan wo próstéètì bóyá kókó wà lára rẹ̀ tàbí ibì kan le. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀yin ọkùnrin, mo mọ ohun tí ẹ ń rò. Èmi náà ti rò ó. Nígbà tó kàn mí, mo dọ́gbọ́n pé ìgbẹ́ ń gbọ̀n mí, mo sá lọ sílé. Lọ́sẹ̀ kejì mo pa dà. Ojú tì mí fún bí ìgbà tí wọ́n ń pọ́n ata sí páànù kan, ó parí. Kò sí ohun tó kúrò lára mi. Ohun tó ń ya mí lẹ́nu ni pé ọkùnrin kan náà tó lè sọ ṣòkòtò kalẹ̀ fún abẹ́rẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ló ń sọ pé òun ò lè sọ ọ́ kalẹ̀ fún dókítà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Ọ̀rọ̀ àwa aláwọ̀ dúdú nínú àìsàn yìí kò ṣeé fi ṣeré. Ní Bìrìtìkó, nínú aláwọ̀ dúdú mẹ́rin, ẹnì kan ni jẹjẹrẹ próstéètì ń mú láyé rẹ̀. Nínú gbogbo ọkùnrin ilẹ̀ náà lápapọ̀, ẹnì kan nínú mẹ́jọ ni. Nílẹ̀ wa ní Nàìjíríà, òun ni jẹjẹrẹ tó wọ́pọ̀ jù lára ọkùnrin. Ẹ rántí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyinká. Ní ọdún 2014, ó sọ ọ́ ní gbangba pé wọ́n rí jẹjẹrẹ próstéètì lára òun, pé wọ́n sì ti tọ́jú òun. Ẹni ọgọ́rin ọdún ni nígbà náà. Kò fi bò, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ó ṣì ń sọ̀rọ̀, ó ṣì ń kọ̀wé. Àwọn bàbá wa tó fi í bò, ẹ mọ ibi tí wọ́n wà.

Yàtọ̀ sí próstéètì, ẹ ní kí wọ́n wo PCV rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń wò fún aláboyún. Tiyín a máa lọ sílẹ̀, tirẹ̀ lè lọ sókè jù, nítorí testosterone ń mú ẹ̀jẹ̀ ki bí ògì tí omi rẹ̀ kò tó. Bó bá ju 54 lọ, wọ́n á dá abẹ́rẹ́ dúró. Ẹ ní kí wọ́n wo ṣúgà rẹ̀ àti ìfúnpá rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ ò ṣàkíyèsí nǹkan kan? Títọ̀ lóru léraléra, àárẹ̀, kí nǹkan ọkùnrin kọ̀ láti dìde, ìtọ̀ ṣúgà lè fa gbogbo rẹ̀ pátá. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti oògùn rẹ̀ lè fa àárẹ̀ àti àìdìde yẹn. Ó lè jẹ́ pé testosterone ọkọ yín kò kéré rárá láti ìbẹ̀rẹ̀! Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀, wọ́n á gbà á láàárọ̀ kó tó jẹun, wọ́n á tún gbà á lọ́jọ́ mìíràn. Ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n.

Ìbéèrè yín tó kẹ́yìn ló le jù, n kò sì ní í tàn yín. Bó bá jáwọ́, ó ṣeé ṣe kó rẹ̀ ẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá ń gbé testosterone wọlé láti ìta, kórópọ̀n á fọwọ́ lẹ́rán, á sùn. Bí abẹ́rẹ́ bá dúró, ó lè gbà tó oṣù mélòó kan kó tó jí. Nítorí èyí ni mo ṣe ní ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ ti jáwọ́, kì í ṣe pẹ̀lú ìjà nínú ilé. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé testosterone rẹ̀ kéré lóòótọ́, tí próstéètì sì mọ́, tí ìtọ̀ sì ti lọ geere, dókítà lè dá a pa dà fún un ní ìwọ̀n tó yẹ, wọ́n á sì máa ṣọ́ ọ. Bí nǹkan mìíràn bá ló fa àárẹ̀ náà, ohun yẹn ni wọ́n á tọ́jú. Ilé yín kò ní í tutù nítorí pé ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò.

Bí ẹ ó ṣe sọ fún un ńkọ́? Ẹ má sọ ọ́ lóru nígbà tó bá ń ti ilé ìtọ̀ bọ̀. Ẹ má sì fi ikú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ halẹ̀ mọ́ ọn, ó ti ń rò ó fúnra rẹ̀, ẹ gbà mí gbọ́. Ẹ sọ fún un láàárọ̀ pé, “Bàbá Fúláànù, mo fẹ́ lọ wo ìfúnpá mi, mo fẹ́ ká jọ lọ, kí wọ́n wo ti ẹ̀yin náà.” Ẹ̀yin náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́ o, aláta kì í ráyè tọ́jú ara rẹ̀. Bó bá ti délé dókítà, ọ̀rọ̀ á máa bọ́ fúnra rẹ̀. Bí kò bá gbà, ẹ wá àgbà ọkùnrin kan tó gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Ọ̀dọ́kùnrin aláàárín ọgbọ̀n ọdún tó kọ̀wé láti Òṣogbo, iwọ tó ní o ń jó irin, tí ìyàwó rẹ kò tíì lóyún, tí ọ̀rẹ́ rẹ ní kí o lọ gba abẹ́rẹ́ yìí kan náà kí àtọ̀ rẹ lè lágbára: má gbà á o. Òdìkejì ló ń ṣe. Bí kórópọ̀n bá sùn, kò ní í ṣe irúgbìn ọmọ mọ́. Ọkùnrin tó ń wá ọmọ tó ń gba testosterone ń fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ. Ìwọ àti ìyàwó rẹ ni kí ẹ jọ lọ yẹ ara yín wò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo ti ìpara, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wọ aṣọ lé e, kí ẹ fọ ọwọ́, kí ẹ tó gbé ọmọ tàbí kí ẹ tó sún mọ́ ìyàwó. Ó ń ran ẹlòmíràn.

Ìyá aláta, bí ẹ bá ti ọsibítù dé, ẹ kọ̀wé sí mi, ẹ sọ ohun tí wọ́n sọ. Bí ẹ ò bá fẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ kọ ọ́ sórí rẹ̀, n kò ní í tẹ̀ ẹ́.